Nígbà Tí Wọ́n Dẹ́kun Pípè Mí Ní Àǹtí

Mo ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, mo sì ti ń ṣeré láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń ta fíìmù wa nínú kásẹ́ẹ̀tì dúdú ńlá yẹn. Bí mo bá lọ ra ẹran lọ́jà Ògbà lónìí, alápatà á pè mí ní orúkọ ìyá ọkọ burúkú kan tí mo ṣe nínú fíìmù, á ní òun ò ní tajà fún mi àfi tí mo bá kọ́kọ́ bẹ ìyàwó ọmọ mi. Gbogbo ọjà á bú sẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, á sì fi ṣàkì kékeré kan ṣe èènì fún mi. Lẹ́yìn náà ni n óò wọ mọ́tò padà sílé tó jẹ́ pé bí mo bá gbé ife tíì sórí tábìlì láàárọ̀, ibẹ̀ gan-an ni n óò bá a lálẹ́.

Àwọn ọmọbìnrin tó ń wọ iṣẹ́ yìí báyìí ni mo ń kọ èyí fún. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe òṣèré náà lè kà á, torí n kò rò pé àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ àdáwà kàn.

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí. Ọmọ Òṣogbo ò lè sọ pé òun ò mọ eré. Ibẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Oyin Adéjọbí fi ṣe ibùjókòó ẹgbẹ́ eré wọn. Síbẹ̀, nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé eré ni mo fẹ́ ṣe, ó bi mí bóyá torí kí n lè di alágbe ni òun ṣe ń san owó iléèwé mi. Ìyá mi kò bá wa dá sí i. Ó kàn bá mi di ẹrù, ó bu gààrí àti kúlíkúlí sí i, ó ní bí ọ̀gá tí mo ń lọ bá bá lóun fẹ́ fẹ́ mi, kí n kọ́kọ́ wá sọ fún òun kí n tó la ẹnu.

Ìyá mi mọ ohun tó ń sọ. Ayé alárìnjó lójú rẹ̀ fi là. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé Hubert Ògúndé, tí a ń pè ní bàbá iṣẹ́ yìí, fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń bá a ṣeré. Àwọn àgbà sọ ìdí rẹ̀ fún mi. Bí ọmọbìnrin bá ti mọ eré tán, tí ojú rẹ̀ ti di ohun tí gbogbo ìlú fẹ́ rí, ọkùnrin kan á wá fẹ́ ẹ, á ní kó fi eré sílẹ̀, ọ̀gá á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan ń fi ọ̀rọ̀ yìí bú àwọn àgbà wa. Èmi kì í bú wọn, n kì í sì í yìn wọ́n. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé ọkọ̀ kan náà ni gbogbo wọn jọ ń wọ̀: ọ̀gá, ìyàwó ọ̀gá, ọmọ ọ̀gá, onílù, ẹni tó ń dáná. Bí wọ́n bá jà ní Ìlá, wọn ó jọ sùn ní Òmù-Àrán dandan. Ìjà ò ráyè pẹ́.

Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wọṣẹ́ ní 1995, Ògúndé ti kú láti 1990. Ètò SAP, àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé ní 1986, ti ba náírà jẹ́ débi pé agbára káká lẹnì kan fi lè ra fíìmù tí wọ́n fi ń ya eré sinimá mọ́. Fídíò ni gbogbo wa sá lọ. Fídíò kò sì nílò ẹgbẹ́ tó jọ ń gbé. Wọ́n á pè ọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, o ó jẹ, o ó mu, o ó sunkún, o ó gba ohun tí wọ́n bá fún ọ, ó di ilé rẹ. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, àwọn ẹlòmíràn ni ẹ ó tún jọ wà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé báyìí ni èèyàn ṣe lè mọ ẹgbẹ̀rún ènìyàn láìní ẹyọ kan.

Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ní Ìbàdàn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Cultural Centre ní Mọ́kọ́lá la ti máa ń ṣe ìdánrawò. A ń fọṣọ ọ̀gá, à ń pọnmi, à ń ru báàgì aṣọ. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìsẹ́yìn, ọmọ ilé aláṣọ òkè. Ẹní kan la jọ ń sùn. Òun ló kọ́ mi ní ẹkún. Àwọn tó kù ń fi róòbù pa ìpéǹpéjú kí omi lè jáde. Ó ní kí n yé fi ojú ara mi ṣòfò, kí n máa ronú sí ẹni tó jẹ mí lówó tí kò fẹ́ san, omi á wá fúnra rẹ̀. Títí dòní, bí mo bá ń sunkún nínú fíìmù, tí ẹ̀ ń bá mi sunkún nílé, gbèsè ni mo ń rò.

Aṣọ tiwa la ń gbé lọ sí lokéṣàn, ibi tí wọ́n ti ń ya fíìmù. Àwa méjèèjì jọ ní léèsì aláwọ̀ ewé kan. Bí ẹ bá wo fíìmù ìgbà yẹn dáadáa, ẹ ó rí léèsì náà lára mi níbi ìsìnkú, ẹ ó tún rí i lára òun níbi ìgbéyàwó nínú fíìmù míì. Nígbà tó yá, aṣọ ya lábẹ́ apá. Ó fi òwú òkè dí i, iṣẹ́ náà dára débi pé obìnrin kan bi wá ibi tí a ti ra irú rẹ̀.

Ohun tí ará ìta kò mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ fíìmù ìgbà yẹn, owó kọ́ la fi ṣe é. Àáró ni, bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń dá a. Lónìí a ó ro oko tèmi, lọ́la a ó ro tìrẹ. Bí mo bá fẹ́ gbé fíìmù jáde, n óò pè ọ́, wàá wá, owó ọkọ̀ àti oúnjẹ ni n óò fún ọ. Bó bá kan ìwọ, èmi náà á wá. Ètò náà dáa, òun ló gbé iṣẹ́ wa ró. Àmọ́ ẹni tó bá ń dá àáró ń ṣírò. Ó mọ ẹni tó wá ro oko rẹ̀, ó mọ ẹni tó sọ pé ẹ̀yìn ń dun òun. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣírò ara wa. Ta ló wá síbi ìsìnkú bàbá mi? Ta ló ra aṣọ ẹbí? Lóde òní, Instagram ni wọ́n ti ń ṣe ìṣirò náà: ta ló gbé fọ́tò mi síta lọ́jọ́ ìbí mi, ta ló gbé e ní aago méjìlá òru, ta ló dúró dìrọ̀lẹ́? Mo mọ àwọn méjì tí wọn kì í kí ara wọn títí dòní nítorí pé ọ̀kan kọ ọ̀rọ̀ gígùn fún ẹlòmíràn, ó wá kọ gbólóhùn kan ṣoṣo fún ẹnì kejì.

Ẹ má rò pé mo ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Èmi àti ọmọ Ìsẹ́yìn, pósítà ló pín wa níyà.

Ó gbé fíìmù tirẹ̀ jáde, owó òun àti ti ìyá rẹ̀ ló kó sí i. Èmi ni mo ṣe orogún rẹ̀ nínú eré náà. Máàkẹ́tà kan, oníṣòwò fíìmù ní Ìdúmọ̀tà, ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí pósítà àti páálí fíìmù jáde, ojú mi ló gba gbogbo iwájú. Ojú tirẹ̀, ẹni tó ni fíìmù, wà nísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ilé iṣẹ́, kò tó àtàǹpàkò. Ojú mi ló ń tà nígbà yẹn, máàkẹ́tà ò sì mọ̀ ju ohun tó ń tà lọ. Èmi ti rí páálí náà kó tó jáde. Mo rò pé òun náà ti rí i. N kò bi í, òun náà kò bi mí. Àwọn tí kò ní iṣẹ́ méjì ń gbé ọ̀rọ̀ lọ gbé ọ̀rọ̀ bọ̀: ó ní o sọ báyìí, o ní ó sọ báyìí. Nígbà tí mo bímọ, ó fi owó ránṣẹ́, kò wá. Mo gba owó náà, n kò pè é. Ọdún ń gorí ọdún.

Mo fẹ́ kí ẹ wò ó dáadáa. Kò sí ohun tí a sọ síra wa tó burú. Bóyá tí a bá ti jà gidi, tí a bú ìyá ara wa, à bá ti parí rẹ̀ kó tó di Ọdún Àjíǹde.

N kò ní kọ púpọ̀ nípa ọkọ mi, torí ó ti ní ilé míì, ọmọ wa sì mọ̀wé kà. Ohun tí mo lè sọ ni pé obìnrin inú fíìmù ló fẹ́. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá ń bọ̀, á ní kí n lọ kun ojú. Bí mo bá jókòó sílé pẹ̀lú ìró àná àti irun tí n kò dì, á wò mí bí ẹni tí wọ́n ta ayédèrú ọjà fún. Inú rẹ̀ á dùn pé gbogbo ayé mọ ìyàwó òun, inú rẹ̀ á sì tún bàjẹ́ nítorí ohun kan náà. Ọkọ inú fíìmù kì í jẹ́ kó sùn. Nígbà tó lọ, a ò jà. Aṣọ rẹ̀ ń dín kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù ni, títí ó fi ku háńgà.

Ẹnì kejì tí mo fẹ́ràn jẹ́ ọkọ ọlọ́kọ, olówó sì ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan á fẹ́ kí n fo ibí yìí, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni mo ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń dá wà láàárín èrò. Ó san owó ilé mi, ó sì máa ń bá mi sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. N kò fẹ̀sùn kàn án. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ tí o kò lè dárúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, díẹ̀díẹ̀ ló ń gba ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ rẹ. Wọ́n á bi ọ́ ibi tó o ti lo òpin ọ̀sẹ̀, wàá purọ́. Wọ́n á bi ọ́ ìdí tí ojú rẹ fi wú, wàá purọ́. Kí irọ́ má baà pọ̀ jù, o ó bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún àwọn tó ń béèrè, àwọn tó sì ń béèrè ni àwọn tó fẹ́ràn rẹ. Ọjọ́ Iléyá ni obìnrin bíi tèmi máa ń mọ ipò rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ń pín ẹran, ọkùnrin rẹ wà nílé rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ rẹ̀, fóònù rẹ̀ wà ní pípa. Ìwọ á máa jẹ ẹran tí aládùúgbò bù fún ọ.

Mo kúrò níbẹ̀ nígbà tí ó tó àkókò, láìsí ariwo. Owó ilé di tèmi láti san.

Nígbà tí mo fi máa gbé orí sókè, wọ́n ti dẹ́kun pípè mí ní Àǹtí. Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: o ó dé lokéṣàn lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin tó ń gbé iná á sáré wá gba báàgì lọ́wọ́ rẹ, á dọ̀bálẹ̀, á ní, “Mọ́mì, ẹ káàbọ̀ mà.” Wàá wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló ń kí. Láti ọjọ́ náà lọ, ìwé eré tí wọ́n á máa fi ránṣẹ́ sí ọ, ìyá ni wàá máa jẹ́ nínú rẹ̀. Ìyá ìyàwó, ìyá ọkọ, àjẹ́, ìyá ìjọ. Nínú gbogbo ìwé eré tí mo ti kà láti ìgbà náà, n kò tíì rí ibi tí ọkùnrin kan ti fọwọ́ kan obìnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ mi pẹ̀lú ìfẹ́, àfi tí ó bá jẹ́ pé ó fẹ́ fi í ṣe ògùn owó.

Àkókò yẹn náà ni ooru bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ọ̀kúta la wà, ọ̀sán gangan, iná kámẹ́rà méjì ló dojú kọ mí. Mo wọ léèsì, mo dì gèlè, mo fi ìborùn lé èjìká. Ṣàdédé ni ooru kan gbéra láti àyà mi, ó gun ọrùn, ó gun orí, pankéèkì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn wọ ọrùn aṣọ. Wọ́n dá kámẹ́rà dúró, wọ́n nù mí. Kò pẹ́, ó tún dé. Lóru, mo jí, aṣọ ibùsùn ti tutù rinrin. Mo rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò tí kò jẹ́ bẹ́ẹ̀, mo rò pé ayé ni. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí bí olóòtú bá gbọ́ pé ara rẹ ò yá, ẹlòmíràn ni yóò pè.

Ìyá kan tó ń bá wa mójú tó aṣọ ló pè mí sẹ́yìn ọkọ̀. Ìyá Aláṣọ ni gbogbo wa ń pè é. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé nǹkan oṣù rẹ ṣì ń wá déédéé?” Mo ní ó ti ń ṣe ségesège. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Kò sẹ́ni tó ń ṣe ọ́. Ọjọ́ orí ni.” Dókítà tí mo lọ rí lẹ́yìn náà sọ ohun kan náà, ó ní láàárín ọdún 45 sí 55 ló sábà máa ń dé, pé òògùn wà fún ẹni tó bá le jù fún. Ohun tó ràn mí lọ́wọ́ kò ju pé mo fi àdìrẹ àti ankárá olówùú rọ́pò léèsì tó bá ti ṣeé ṣe, mo ní kí wọ́n máa kọ́kọ́ ya apá tèmi láàárọ̀ kí oòrùn tó mú, mo sì dín tíì gbígbóná àti ata kù. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn ẹ̀gbọ́n wa nínú iṣẹ́ ti la gbogbo èyí kọjá, wọ́n jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí àga kan náà, kò sẹ́ni tó sọ ọ́. A mọ bí wọ́n ṣe ń kú nínú fíìmù, a ò mọ bí wọ́n ṣe ń dàgbà.

Ọmọ mi lọ sí Kánádà ní 2019. Mo ta ilẹ̀ kan láti fi ràn án lọ́wọ́, mo jó ní pápákọ̀ òfurufú. Ó kù díẹ̀ kí ọdún yípo ni Kòrónà dé. Lálẹ́ ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ ti Èkó, Ògùn àti Abújá pa. Kò sí lokéṣàn, kò sí òde, kò sí aṣọ ẹbí.

Mo ti máa ń sọ pé ariwo sú mi. Ariwo wá dákẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, mo sùn. Lọ́sẹ̀ kejì, mo ṣí fóònù, mo ń wo orúkọ inú rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ẹni tí mo lè pè láìní iṣẹ́ kan tí mo fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Mo kọjá orúkọ àwọn olùdarí, mo kọjá àwọn olóòtú, mo kọjá àwọn tó ń ta léèsì. Àwọn tó pè mí nínú oṣù náà fẹ́ kí n wá bá àwọn ṣe ètò lórí Instagram. Mo ṣe é, mo kun ojú, mo rẹ́rìn-ín fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wọ́n ń fi àwòrán ọkàn pupa ránṣẹ́. Nígbà tí mo pa á, mo bá ara mi tí mo ń bá fíríìjì sọ̀rọ̀, mo ń bi í ìdí tó fi ń kùn.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ó bá dé bẹ́ẹ̀, ẹ pe ènìyàn. Ẹ má dúró kí wọ́n kọ́kọ́ pè yín, torí òun náà ń dúró. Mo mọ̀ pé ẹni tí ojú rẹ̀ wà lára ògiri kì í fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ó dá wà. Ìtìjú yẹn ló pa púpọ̀ nínú wa lára.

Ìyá Aláṣọ ló pè mí. Kò ní iṣẹ́ kankan lẹ́nu. Ó ní, “Kí lo jẹ?” Mo ní mo jẹ búrẹ́dì. Ó ní, “Láti àárọ̀?” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè lójoojúmọ́, ìbéèrè kan náà. Ó wá di pé mo ń se ọbẹ̀ kí n lè rí nǹkan sọ fún un. Òun ló sọ fún mi lọ́jọ́ kan, bí ẹni pé mo ti mọ̀, pé apá àti ẹsẹ̀ kan ti rọ lára ọmọ Ìsẹ́yìn, pé ó ti padà sílé bàbá rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà láàárín ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ní oṣù keje, mo wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo gba Mọ́níyà, ojú ọ̀nà tí wọ́n ṣì ń ṣe lọ́wọ́. Jálẹ̀ ọ̀nà, mo ń ṣètò ohun tí n óò sọ nípa pósítà. Mo mọ ọ̀rọ̀ náà sórí bí ìwé eré. Nígbà tí mo dé agbo ilé wọn, àwọn ọkùnrin ń hun aṣọ lábẹ́ ibòji, òfì ń ró. Ó jókòó lórí àga oníke, ẹsẹ̀ ọ̀tún lórí àpótí, ó sì ń fi ọwọ́ òsì ṣa okùn ewédú kúrò lára ewé. Ó gbójú sókè. Ó ní, “O ti sanra.” Mo ní, “Ìwọ ńkọ́?” Ó ní, “Èmi ń dúró.” Ó ti ewédú sí iwájú mi. A ṣa á tán. Ọ̀rọ̀ pósítà kò wáyé, n kò sì mọ ibi tí mo ju gbogbo ohun tí mo há sórí yẹn sí.

Ohun kan ló kìlọ̀ fún mi nípa rẹ̀. Ẹ mọ bí tiwa ṣe máa ń rí: bí òṣèré bá ṣàìsàn, wọ́n á gbé e sí iwájú kámẹ́rà pẹ̀lú irun jágbajàgba, á máa bẹ àwọn ọmọ Nàìjíríà, nọ́ńbà àkáǹtì á wà nísàlẹ̀. Fídíò bẹ́ẹ̀ ti gba ẹ̀mí là, n kò ní bú ẹni tó ṣe é. Ọ̀rẹ́ mi ní òun ò ṣe. Ó ní, “Mo ti sunkún fún wọn títí, mo gbowó. Èyí, n ò ní ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.”

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbèsè àáró. Mo jókòó, mo kọ orúkọ gbogbo ẹni tí èmi àti òun ti bá ṣe fíìmù lórí owó ọkọ̀ lásán, tí fíìmù náà sì tà. Mo pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò kọ ọ́ sí orí WhatsApp ẹgbẹ́ kankan. Àwọn kan fi owó ránṣẹ́ kí n tó parí ọ̀rọ̀. Àwọn kan ní kí n ya fídíò kí àwọn rí i. Ẹnì kan tí mo rò pé ó kórìíra wa ló ń san owó ẹni tó ń bá ọ̀rẹ́ mi ṣe eré ìdárayá apá àti ẹsẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ó sì ní kí n má dárúkọ òun. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà sọ fún wa pé ká ní wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ ni, ì bá ti yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn: bí ẹnu bá ṣàdédé wọ́, tí apá kan ò gbéra, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, ilé ìwòsàn lẹ ó gbé onítọ̀hún lọ lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe orí òkè.

Láti ìgbà náà, mo ti yí àwọn nǹkan kan padà. N kì í wo ẹni tó gbé fọ́tò mi síta lọ́jọ́ ìbí mọ́. N óò pa fóònù, n óò lọ sí Òṣogbo lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ iléèwé mi kan tó ń pa aṣọ láró. Ẹni yẹn kì í wo fíìmù wa. Ó ní a máa ń pariwo jù. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ aṣọ ẹbí sílẹ̀, àwọn kan bínú, kò pa mí. Èmi, Ìyá Aláṣọ àti àwọn obìnrin díẹ̀ ń dá èésú. Ilé ẹnì kọ̀ọ̀kan la máa ń lọ lọ́jọ́ Àìkú tó bá kẹ́yìn oṣù. Onílé á dáná, fóònù á wà nínú agbọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Níbẹ̀ la ti ń sọ̀rọ̀ ooru, ọ̀rọ̀ orúnkún, ọ̀rọ̀ ọmọ tó wà lókè òkun tí kì í pè. Mo tún ń pe èèyàn láìníṣẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń ba wọn lẹ́rù. Wọ́n á ní, “Mọ́mì, ṣé kò sí?” wọ́n á máa dúró de ohun tí mo fẹ́ tọrọ.

Ní ti ìfẹ́: bàbá kan wà. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojúrin tó ti fẹ̀yìn tì, ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọ̀dọ̀ dókítà olójú la ti pàdé, wọ́n ti kán oògùn sí àwa méjèèjì lójú, kò sẹ́ni tó rí ojú ẹnì kejì dáadáa. Ọjọ́ Sátidé ló máa ń wá. Á se ìkọ́kọrẹ́ fúnra rẹ̀ nínú kíṣínì mi, á sì fẹ̀sùn kàn mí pé ìkòkò mi kò nípọn. Ó fẹ́ kí a ṣègbéyàwó. Àwọn ọmọ rẹ̀ ń bẹ̀rù pé mo fẹ́ jogún ilé, ọmọ tèmi rí i lẹ́yìn mi nínú fídíò, ó ní, “Mọ́mì, ta ni bàbá tó wọ épúrọ̀nì yẹn?” N kò tíì dá bàbá náà lóhùn. Mo ti ní ọkọ rí, àdáwà sì bá mi sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà pẹ̀lú ọkọ, nítorí náà n kò gbà pé ọkọ ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ra ìkòkò tó nípọn.

Ọmọ Ìsẹ́yìn ti ń fi ọ̀pá rìn. Ọ̀rọ̀ ti là lẹ́nu rẹ̀, apá ọ̀tún nìkan ló ṣì ń ṣe agídí. Lóṣù tó kọjá, olóòtú kan tó ń gbé fíìmù sórí YouTube pè mí, ó ní òun ń wá ẹni tí yóò ṣe ìyá tí apá kan rọ lára rẹ̀, ṣé ọ̀rẹ́ mi lè ṣe é. Mo gbé fóònù fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní owó méjì lòun ń gbà: ọ̀kan fún eré, ọ̀kan fún apá, torí àwọn tó kù á ní láti ṣe bí ẹni tó rọ, tòun ti wà ní sẹpẹ́. Ó ní òun fẹ́ yàrá tòun, kí wọ́n gbé òun wá láti Ìsẹ́yìn kí wọ́n sì gbé òun padà, kí owó wọlé kí òun tó kúrò nílé. Èmi ni mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá wò mí, ó ní, “Kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú pé ojú mi ni yóò tóbi jù lórí pósítà.”

Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Olóòtú ní yàrá àti ọkọ̀ kò sí ìṣòro, ṣùgbọ́n owó apá yẹn ti pọ̀ jù. A ṣì ń nájà.